Ìka Kan fún Ọlọ́run

Mo kìlọ̀ fún ọ o, ìwọ tí o ń ka ìtàn yìí. Bí ọmọ ọdún mọ́kànlá bá nawọ́ sókè ní kíláàsì, tí ó bi ọ́ ní ìbéèrè nípa Ọlọ́run, má ṣe dáhùn kíákíá. Mu omi. Nu pátákó. Sọ pé ó jọ pé ẹnì kan ń pè ọ́ níta. Nítorí ohun tí o bá fi ìkánjú sọ, wọn á kọ ọ́ sínú ìwé, wọn á fi bírò fa ìlà sí i nídìí, wọn á sì gbé e padà wá bá ọ lọ́jọ́ tí o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Mo sì ń pè ọ́ ní "ìwọ", má bínú. Wàá rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò rí ẹni kìlọ̀ fún un.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ni wọ́n bá rán an lọ sí ilé-ìwé àwọn onígbàgbọ́ kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó lọ fi ọmọ ọlọ́mọ dánra wò. Èdè Sípáníìṣì ni yóò máa kọ́ wọn. Má bi mí pé níbo ni ó ti gbọ́ Sípáníìṣì. Ó dáa, jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi fọ aṣọ ibùsùn nílé àlejò àwọn Sístà kan tí wọ́n ti òkè òkun wá. Sístà tó dàgbà jù níbẹ̀ a máa gbé àga sídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ, a máa nawọ́ sí nǹkan, a sì máa pe orúkọ rẹ̀: ọṣẹ, omi, ìrọ̀rí, oòrùn. Nígbà tí obìnrin yìí fi máa mọ̀, ó ti ń lá àlá ní Sípáníìṣì. Ṣùgbọ́n ti ìwé yàtọ̀. Ìwé ń já a láyà. Ó máa ń kọ gbogbo ohun tí ó bá fẹ́ sọ sórí káàdì pélébé pélébé, á kì wọ́n sápò, á sì tún máa fọwọ́ kan àpò náà bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tó tún ń bà á lẹ́rù ni alábẹ̀wò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń rán ẹnì kan wá wo akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹni náà bá kọ "ó yege" sórí ìwé, ìwé ẹ̀rí dé nìyẹn. Bí ó bá kọ "kò yege", àwọn ọmọdé lè tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọjá ogójì ọdún kò ní ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ ló ń padà sí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni ó ti dé ẹnu géètì. Ẹ̀ṣọ́ ṣì ń fọ eyín.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ yín dà?"

"Mi ò mú ọmọ wá. Èmi gan-an ni mo wá."

Ẹ̀ṣọ́ wo bàtà rẹ̀. Ó wo báàgì tó gbé kọ́ ẹ̀yìn, báàgì tí ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé lọ sílé-ìwé nígbà kan, tí àwòrán labalábá ṣì wà lára rẹ̀.

"Ẹ̀yin? Kíláàsì wo ni wọ́n fi yín sí?"

"Kíláàsì kìíní," ni ó fèsì, nítorí pé òtítọ́ ni.

Ẹ̀ṣọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọṣẹ ìfọyín mì.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ náà wà ní òkè àtẹ̀gùn. Gíláàsì fèrèsé kan ti sán, wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Àgbélébùú onígi kékeré kan wà lókè pátákó, ó tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà tí àga wọn ń ha ilẹ̀. Òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn dìde, bẹ́ẹ̀ ó ti wà lórí ìdúró tẹ́lẹ̀.

Ó ṣí ìwé kíkà. Ojú ewé kìíní: àwòrán ọmọ méjì tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ̀ rẹ̀. "*¿Cómo estás?* Ẹ wí i tẹ̀lé mi."

Àwọn ọmọ tejú mọ́ ọn, wọ́n fi gbogbo agbára wí i. "*¿Cómo estás?*"

Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi tútù lé e lọ́rùn. Ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. "Báwo ni o ṣe wà?" ni. Òun tó bí ọmọ mẹ́ta! Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n dojú kọ ọ́, wọ́n ní báwo ni o ṣe wà. Òun náà ló sì ní kí wọ́n wí i. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Rárá o. Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ ká pa ìwé yẹn dé."

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, kò sì yọ káàdì kankan. Ó sọ fún wọn pé *tú* ni "ìwọ" ní Sípáníìṣì, *usted* sì ni "ẹ̀yin" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹni tí ẹ jọ ń ṣeré, *tú*. Tíṣà, *usted*. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, *usted*. Ó ní kí wọ́n kí òun padà. Wọ́n ní "*¿Cómo está usted?*" Ara tù ú. Ó gé káàdìbọ́ọ̀dù, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí i lára, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ẸNI TÓ BÁ JÙ Ọ́ LỌ, USTED NI.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìyáàfin tó ni kíláàsì náà fi wá bá a. Olùkọ́ Sípáníìṣì àgbà ni ìyáàfin yìí, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi obìnrin wa sí. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni àwọn ọmọ ń pè é, nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó máa ń so mọ́ ìdí. Ìró rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀.

"Kí lẹ fún àwọn ọmọ yìí jẹ?" ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bèèrè.

"Kí ni wọ́n ṣe, mà?" Ọwọ́ rẹ̀ ti dé àpò káàdì.

"Ọmọ kan wà níta tó gbé ìwé ọjọ́ ìbí wá láti ilé. Ó ní òun fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ju ọ̀rẹ́ òun lọ, kí ó máa pe òun ní *usted*. Èkejì ní òun ò ní pè é bẹ́ẹ̀ láé. Wọ́n ti ń fa ara wọn láṣọ." Ó rẹ́rìn-ín títí kọ́kọ́rọ́ fi ń dún nídìí rẹ̀. "Alásè wa ńkọ́? Láti àná ló ti ń bu oúnjẹ kún abọ́ fún kíláàsì yín. Ó ní àwọn nìkan ló ní ẹ̀kọ́ ilé. Ọ̀gá àgbà ti gbọ́. Ó ní kí àwọn ọmọ yín ka àdúrà òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ní Sípáníìṣì, níwájú gbogbo ilé-ìwé."

"Ọjọ́bọ̀, mà?"

"Ọjọ́bọ̀. Alábẹ̀wò yín náà ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dára bẹ́ẹ̀, àbí? Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa bọ́ níbẹ̀."

Obìnrin wa ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, ó sì jókòó sórí èyí tó kẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní àdúrà kan. Sístà àgbà ló kọ ọ́ fún un lọ́jọ́ kan sẹ́yìn páálí ọṣẹ, ìlà mẹ́rin péré. Lọ́jọ́ Ajé, ó kọ ọ́ sójú pátákó, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ: *Señor*, ìyẹn Olúwa, o ṣeun, o dára, o ń rí wa, o ń gbọ́ wa, ilé rẹ ni ilé wa.

*Gracias, Señor.*
*Señor, tú eres bueno.*
*Tú nos ves, tú nos oyes.*
*Tu casa es nuestra casa.*

Àwọn ọmọ dà á kọ. Ó ń rìn láàárín wọn, ó ń wo ọwọ́ ìkọ̀wé wọn, inú rẹ̀ dùn. Ìgbà náà ni ọwọ́ kan lọ sókè. Ọwọ́ Kí-ló-dé ni. Ọmọbìnrin kan nìyẹn tí gbogbo olùkọ́ ti fún ní orúkọ yìí, nítorí pé kò mọ ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn fi ń la ẹnu.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ mà. Kí ló dé tó fi jẹ́ *tú*?"

"Níbo?"

"Nínú àdúrà. Ẹ ní ẹni tó bá jù wá lọ, *usted* ni." Ó nawọ́ sí káàdìbọ́ọ̀dù ara ògiri. "Ṣé Ọlọ́run ò jù wá lọ ni?"

Gbogbo kíláàsì yíjú sí káàdìbọ́ọ̀dù. Wọ́n yíjú sí pátákó. Wọ́n wá yíjú sí i. Ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Ó rí pásítọ̀ ilé-ìwé tó ń kọjá lọ. Ilé-ìwé onígbàgbọ́ ni, kí wọ́n má lọ sọ pé òun ní Ọlọ́run ò ju ọmọdé lọ.

"Ó jù wá lọ!" Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Ó jù wá lọ púpọ̀. Ẹ fagi lé e. *Usted* ni."

Ó nu pátákó, ó tún un kọ. *Señor, usted es bueno. Usted nos ve, usted nos oye. Su casa es nuestra casa.* Àwọn ọmọ fagi lé ti àkọ́kọ́, wọ́n kọ èyí sábẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́rú, wọ́n ń kà á bí ọfọ̀, wọ́n ń kà á lórí ìlà oúnjẹ, wọ́n ń kà á lórí àtẹ̀gùn. Nǹkan kan ń yún obìnrin wa lọ́kàn, kò sì mọ ohun tí í ṣe.

Nídìí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni ó mọ̀ ọ́n.

Ọkọ rẹ̀, ẹni tí ń tún aago ṣe, jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Obìnrin wa ló gbàdúrà.

"Olúwa, o ṣeun. Ìwọ lo fún wa ní oúnjẹ yìí, ìwọ lo kó wa jọ. Bù kún un. Àmín." Kò tilẹ̀ mí tó fi kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na iyọ̀ yẹn."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, kí ló dé?" ni ọmọ rẹ̀ bèèrè.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe Ọlọ́run ní 'ìwọ'."

"Ọjọ́ wo lẹ ò pè é bẹ́ẹ̀?"

"Mo sì pe bàbá rẹ ní 'ẹ̀yin'."

Ọkọ gbé orí sókè nínú abọ́. "Kí ló wá burú níbẹ̀? Èmi ò rí ohun tó burú o."

Ọmọ ti bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ó túmọ̀ sí pé ẹ̀yin lẹ ga jù nínú ilé yìí."

"Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́, ẹ ò gbọ́."

Obìnrin wa kò rẹ́rìn-ín. Ó ń gbọ́ *Señor, usted es bueno* nínú etí rẹ̀, ó sì rántí nǹkan mìíràn. *Señor* tí ń jẹ́ Olúwa, òun náà ni wọ́n fi ń pe ọkùnrin èyíkéyìí ládùúgbò, bí ìgbà tí ènìyàn ní "sà". Bí o bá wá fi *usted* tì í, kò jọ àdúrà mọ́. Ó jọ ìgbà tí ènìyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé: "Ẹ ṣeun sà, ẹ dáa gan-an sà, ilé yín ni ilé wa." Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n fẹ́ lọ sọ ọ́ lọ́la níwájú alábẹ̀wò.

Ó sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì. Ọmọ rẹ̀ ní, "Ẹ kàn sọ fún wọn pé ẹ ṣì wọ́n kọ́, Màmá."

"Níwájú ẹni tó fẹ́ fún mi ní máàkì?"

Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ nu ẹnu. "Lánàá ni mo da ojú aago oníbàárà kan dé. Méjìlá wà nísàlẹ̀. Mo pè é, mo ní mo dà á dé o. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó títí mo fi tún un ṣe."

"Ṣé ó fún yín ní máàkì?"

"Rárá."

"Ẹ rí i?" ni ó wí, ó sì ti abọ́ síwájú.

Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, àwọn ọmọ tò lẹ́bàá ògiri, lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn àdúrà. Wọ́n ti kun bàtà. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù. Alábẹ̀wò ti dé. Ó dúró nítòsí wọn, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde. Ọkùnrin gíga kan ni, ó fi bírò pupa kọ́ àpò ẹ̀wù. Bàbá Bírò Pupa ni wọ́n ń pè é ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kì í ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Obìnrin wa ṣàkíyèsí pé láti ìgbà tó ti dúró síbẹ̀, kò tíì ṣí ojú kúrò lórí ìkéde kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ìlà méjì ni gbogbo rẹ̀. Ó ń fetí sílẹ̀ ni.

Ó ronú pé kí òun dákẹ́. Bóyá pásítọ̀ ò ní mọ̀. Bóyá ọ̀gá àgbà ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni bírò yìí á mọ̀. Bí òun bá sì sọ ọ́, ó gbọ́ náà nìyẹn. Ó wo ojú àwọn ọmọ, wọ́n ń jí àdúrà náà kà lábẹ́ ètè, *usted, usted*, pẹ̀lú gbogbo ọkàn wọn, nítorí pé òun ló ní kí wọ́n kà á.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni ó wí. "Mo ṣì yín kọ́."

Wọn ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Ẹ̀yin, mà?"

"Èmi. Ẹ ṣí ìwé yín. Èyí tí mo ní kí ẹ fagi lé lọ́jọ́ Ajé, òun ló tọ́. *Tú* ni."

Ìwé ń ṣí fàràfàrà. Ọwọ́ kan sì lọ sókè. Ìwọ náà ti mọ ọwọ́ ẹni tí í ṣe.

"Tíṣà, kí ló dé tí a fi ń pe Ọlọ́run ní 'ìwọ', tí a sì ń pe ìyá wa ní 'ẹ̀yin'?"

Lẹ́bàá pátákó ìkéde, bírò pupa jáde lápò.

Ẹnu obìnrin wa ti là. Èsì kan ti wà níbẹ̀, tí yóò bọ́ jáde bí ti ọjọ́ Ajé. Ó pa ẹnu dé mọ́ ọn.

"Mi ò mọ̀," ni ó wí. "Kí ni ẹ̀yin rò?"

Ọmọkùnrin tó ni ìwé ọjọ́ ìbí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọlọ́run kì í bínú téèyàn bá pè é ní 'ìwọ'. Ẹ lọ dán an wò lọ́dọ̀ ìyá mi."

Ẹ̀rín sọ. Ọmọ kan ní, "Bàtà ló máa fi nà ọ́!" Òmíràn ní, "Bàtà kọ́, ṣíbí ìdáná ni!" Ó ní kí wọ́n rọra. Nígbà náà ni ọmọbìnrin kékeré kan tó ń wọ gíláàsì, tí kò tíì la ẹnu rí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́.

"Ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run. Tí a bá ní 'ẹ̀yin', ó máa dà bíi pé wọ́n pọ̀ níbẹ̀."

Obìnrin wa wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí i pé ìka kan ti wà lókè.

"Ọ̀kan ṣoṣo," ni ó wí. "Ó dáa. Tí ẹ bá gbàgbé nínú ibẹ̀, ẹ wo ìka mi. Ìka kan, *tú*."

Agogo lù.

Wọ́n dúró níwájú gbogbo ilé-ìwé. Òun dúró lápá kan, lẹ́bàá òpó, ó gbé ìka kan sókè. "*Gracias, Señor*," ni wọ́n wí. Ó na ìka náà sí wọn. "*Señor, tú…*" Ohùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wí *tú*. Ohùn kan, èyí tó lágbára jù, ké "*usted!*" tí gbọ̀ngàn fi dún, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Kí-ló-dé ni. Ọ̀gá àgbà fi ìwé orin bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ìka obìnrin wa kò sọ̀kalẹ̀. Ńṣe ló gbé e sókè sí i títí ó fi dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. "*Tú nos ves, tú nos oyes*," ni gbogbo wọn wí, méjìlélọ́gbọ̀n pé, wọ́n tejú mọ́ ìka náà, "*tu casa es nuestra casa.*"

Lẹ́yìn àdúrà, Bàbá Bírò Pupa dúró dè é nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó àga tó dá sí. Ó kí i ní Sípáníìṣì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "*Buenos días, señora. ¿Cómo está usted?*"

Kí ó dáhùn kí ó sì kí i padà, ìyẹn nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti kún.

"*Muy bien, gracias*," ni ó wí. "*¿Y tú?*"

"Ìwọ ńkọ́?" ni ó túmọ̀ sí.

Ó ń wá àpò káàdì rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ọ̀nà àbájáde. Bàbá Bírò Pupa fi bírò tọ́ka sí àyà ara rẹ̀.

"Èmi? *Tú?* Ṣé mo ti wọ ẹgbẹ́ Ọlọ́run ni, mà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má bínú, sà. Ẹnu mi ló…"

Ọkùnrin náà ti jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan nítorí ẹ̀rín, àga sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á nù. Nígbà tó nu ojú tán, ó tẹ́ ìwé sórí itan.

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń bẹ àwọn olùkọ́ wò. Ìgbà tí wọ́n bá rí mi, gbogbo nǹkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ níṣojú mi pé ẹ ò mọ̀." Ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó yí ìwé náà sí i. Obìnrin wa kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. *Ó yege.* Pupa ni, ṣùgbọ́n "ó yege" ni. "Káàdìbọ́ọ̀dù tí mo rí lára ògiri kíláàsì yín ńkọ́?" ni ọkùnrin náà bèèrè.

"Màá yọ ọ́, sà. Lónìí yìí."

"Ẹ má yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tún un ṣe."

Kí ilé-ìwé tó parí, Kí-ló-dé ti gun àga, ó ti fi lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ kọ ìlà kan kún un lábẹ́: ÀFI ỌLỌ́RUN.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìwé "ó yege" wà lórí tábìlì, wọ́n fi ìgò iyọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má gbé e. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ rẹ̀ ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé ẹ̀rín.

"Màmá, ẹ gbọ́ ná. Ọlọ́run di *tú*. Alábẹ̀wò náà di *tú*. Bàbá ńkọ́?"

"Èmi ò bèèrè nǹkan kan o," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó tẹ orí ba aago tó ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

Obìnrin wa kò kánjú. Ó mu omi. Ó nu tábìlì, ó tún nu ibi tó ti nù. Ó tẹ́tí sí fèrèsé.

"Ó jọ pé ẹnì kan ń pè mí níta."

"Kò sẹ́ni tó ń pè yín, Màmá. Ẹ dáhùn."

Lẹ́yìn aago, láìgbé orí sókè, ọkọ rẹ̀ rọra na ìka kan sókè.

"Bàbá, ẹ sọ ìka yín kalẹ̀," ni obìnrin wa wí. "Mi ò sọ nǹkan kan mọ́."